Ìwé, Ilẹ̀kùn àti Kọ́kọ́rọ́: Àgbéyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Àwọn Ìyẹ̀wù àti Yàrá-Ìkàwé Ààfin Ìgbà Òtútù ti Ilẹ̀ Rọ́ṣíà

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ lórí Ààfin Ìgbà Òtútù ti ìlú St. Petersburg ló máa ń yin ẹwà igi àti wúrà tí wọ́n fi ṣe àwọn ìyẹ̀wù rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n sì máa ń ka iye ìwé tí ó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀rí pé ọ̀mọ̀wé ni àwọn ọba tí ó gbé ibẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò fara mọ́ irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó gbé yẹ̀ wò ni ẹni tí ó láṣẹ láti wọ yàrá, ẹni tí ó láṣẹ láti ṣí ìwé, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó fi ohun tí ó kà hùwà. Ìwé Voltaire tí Catherine Kejì rà, àṣẹ tí Pushkin gbà láti rí wọn ní ọdún 1832, àti yàrá-ìkàwé Nicholas Kejì ni iṣẹ́ náà fi ṣe òpó.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ló bù sí i. Àfi bí ẹni pé Ààfin Ìgbà Òtútù ni wọ́n fi òwe náà bá wí. Bartolomeo Francesco Rastrelli, ayàwòrán-ilé tí ìran rẹ̀ ti Ítálì wá, ni ó ya àwòrán ààfin náà. Ọdún 1754 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní àkókò ọbabìnrin Elizabeth, ọdún 1762 ni ó sì parí, nígbà tí Elizabeth ti wàjà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1837, nígbà tí Nicholas Kìíní wà lórí oyè, iná sọ nínú ààfin náà, ó sì jó ju ọgbọ̀n wákàtí lọ. Àwọn ọmọ ogun ń gbé àga, àwòrán àti ohun èlò jáde sínú yìnyín, wọ́n ń kó wọn jọ sí gbàgede tí ó wà níwájú ààfin. Vasily Stasov àti Alexander Bryullov ni wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnkọ́ lé lọ́wọ́. Nígbà tí yóò sì fi di ọdún 1839, ọba ti padà sínú ilé rẹ̀.

Ẹwà tí iná bù sí ilé náà ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé dúró wò, tí wọn kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Wọ́n a ṣàpèjúwe òkúta màlákáìtì, wọ́n a ṣàpèjúwe wúrà, wọ́n a sì sọ irú igi tí wọ́n fi ṣe àjà. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ìwé, iye ni wọ́n máa ń kà. Àṣìṣe tí ó wà nínú ọ̀nà yìí kò kéré. Ríra ìwé yàtọ̀ sí kíkà á; kíkà á náà sì yàtọ̀ sí gbígbà kí ẹlòmíràn kà á. Ẹni tí ó bá da àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ yóò máa yin ọba fún ohun tí káfíńtà ṣe. Ọ̀rọ̀ náà sì kan ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé lọ́jọ́ kan, ẹni náà ni wọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ yàrá-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan lé lọ́wọ́.

Ìyẹ̀wù gẹ́gẹ́ bí Ohun Kíkà

Iṣẹ́ lámèyítọ́ kò mọ sórí ewì, eré-onítàn àti ìtàn àròsọ nìkan. Yàrá tí ènìyàn tò, tí ó yan ibi tí tábìlì yóò dúró sí àti ibi tí ilẹ̀kùn yóò kọjú sí, ní ohun tí ó ń sọ fún ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó. Ìyẹ̀wù Nicholas Kìíní jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ọba tí àṣẹ rẹ̀ dé Póláǹdì ní ìwọ̀-oòrùn, tí ó sì dé Alaska ní òdìkejì òkun, ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì onírin irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ń lò lójú ogun, ẹ̀wù òtútù ọmọ ogun ni ó sì máa ń fi bora. Inú yàrá kékeré kan bẹ́ẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ààfin ni ó kú sí ní ọdún 1855. Àwọn kan rí ìrẹ̀lẹ̀ nínú bẹ́ẹ̀dì náà. Ó ṣòro láti gbà pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni bẹ́ẹ̀dì náà ń sọ: pé bárékè ni gbogbo ilẹ̀ Rọ́ṣíà, pé ọba sì ni ọ̀gágun tí kì í bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́.

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ààfin gbé iṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán bíi Eduard Hau, Konstantin Ukhtomsky àti Luigi Premazzi pé kí wọ́n fi ọ̀dà olómi ya inú ilé náà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ́ ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àwọ̀ aṣọ fèrèsé, tàbí ibi tí wọ́n gbé aago sí, kò ní ẹlẹ́rìí tí ó dára jù wọ́n lọ. Àléébù wọn ni pé kò sí ènìyàn nínú ọ̀pọ̀ àwọn àwòrán náà. Tábìlì wà, ìwé wà lórí rẹ̀, fìtílà wà. Ẹni tí ó ń kàwé ni kò sí. Ojú kan náà yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà fi ń wo ààfin náà títí di òní.

Ẹni tí irú ojú bẹ́ẹ̀ máa ń gbàgbé jù lọ ni ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ààfin Rọ́ṣíà ti ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú síṣẹ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní arap. Wọ́n a wọ ẹ̀wù aláràbarà bíi ti àwọn ará ìhà Ìlà-Oòrùn, wọ́n a wé láwàní, wọ́n a sì dúró níwájú ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù ọba láti ṣí i àti láti pa á dé. Ní àkókò Nicholas Kejì, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ Jim Hercules wà lára wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Kò sí nínú iṣẹ́ wọn kí wọ́n wọlé jókòó ti ìwé.

Ìwé tí Catherine Rà

Nínú gbogbo àwọn tí ó gbé ààfin náà, Catherine Kejì ni ọ̀rọ̀ ìwé bá mu jù lọ. Ọmọ ìdílé ọba kékeré kan ní Jámánì ni. Wọ́n mú un wá sí Rọ́ṣíà láti fẹ́ àrólé, ìgbéyàwó náà kò sì dùn. Ìwé ni ó fi ṣe alábàárò ní àwọn ọdún tí ó fi ń dúró: ó ka Tacitus, ó ka Montesquieu, ó ka Voltaire. Nígbà tí ó gba oyè mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọdún 1762, ohun tí ó kà ti di ara èdè tí ó ń sọ. Ní ọdún 1767, ó gbé ìwé ìtọ́ni kan jáde fún ìgbìmọ̀ tí yóò tún òfin ilẹ̀ náà ṣe. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó fà yọ láti inú iṣẹ́ Montesquieu àti ti Beccaria, ọmọ Ítálì. Kò sẹ́ni tí ó lè sọ pé obìnrin yìí kò kàwé.

Ní ọdún 1765, ó gbọ́ pé Denis Diderot, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, fẹ́ ta ìwé rẹ̀ kí ó lè rí owó tí yóò fi fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọkọ. Catherine ra ìwé náà ní 15,000 livre, ṣùgbọ́n kò kó wọn lọ. Ó ní kí Diderot máa lò wọ́n títí di ọjọ́ ikú rẹ̀, ó sì fi í ṣe olùtọ́jú wọn pẹ̀lú owó 1,000 livre lọ́dọọdún. Ó fi ọgbọ́n ṣe é, gbogbo Yúróòpù ni ó sì gbọ́. Owó kan ṣoṣo ni ó ná, ọjà méjì ni ó rà: ó ra ìwé, ó sì ra òkìkí. Diderot fúnra rẹ̀ rin ìrìn-àjò dé St. Petersburg ní ọdún 1773, ó sì ń bá ọbabìnrin jókòó fọ̀rọ̀ wérọ̀ nínú ìyẹ̀wù rẹ̀. Èyí ni ìgbà tí ìyẹ̀wù náà sún mọ́ jíjẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ jù lọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn tí ń yin Catherine kì í fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Diderot kú ní ọdún 1784. Ìwé rẹ̀ dé Rọ́ṣíà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ni èyí tí ó ti ṣe lámèyítọ́ ìwé ìtọ́ni ọdún 1767 wà. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ gbangba pé agbára ọba tí kò ní ààlà kò lè bí òfin tòótọ́. Inú Catherine kò dùn sí i rárá. Ní ti àwọn ìwé tí wọ́n rà, wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn títí tí kò fi sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí gbogbo wọn mọ́. Àkójọ tí owó rẹ̀ di ìròyìn káàkiri Yúróòpù fọ́n ká sáàárín pẹpẹ ìwé ààfin.

Ti Voltaire yàtọ̀. Òun àti Catherine kò fojú kan ara wọn rí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ lẹ́tà sí ara wọn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí Voltaire kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1778, Catherine ra ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Marie-Louise Denis. Wagnière, akọ̀wé Voltaire, ni ó bá ìwé náà dé St. Petersburg ní ọdún 1779, tí ó sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀ ti ń tò wọ́n. Iye wọn jẹ́ 6,814. Catherine tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti kọ́ ilé tí yóò bá ilé Voltaire ní Ferney dọ́gba sí Tsarskoe Selo, kí ìwé náà lè bá ara rẹ̀ nílé. Àwòṣe ilé náà wà. Ilé gan-an ni wọn kò kọ́.

Ìtóye àkójọ yìí kò sí nínú iye rẹ̀. Voltaire kì í kàwé láìmú kálàmù dání. Ní etí ìwé ni ó ti ń bá òǹkọ̀wé jiyàn, tí ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó ń yìn ín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sì máa ń ki bébà pélébé sáàárín ojú-ìwé tí ó bá fẹ́ padà sí. Àwọn àkọsílẹ̀ etí ìwé wọ̀nyí pọ̀ débi pé ìdìpọ̀ tí ó pọ̀ ni wọ́n kún nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1979. Nínú gbogbo ohun tí ó wà láàfin náà nígbà náà, yálà àwòrán tàbí wúrà, agbára káká ni a ó fi rí èyí tí ó fi ènìyàn tí ó ń ronú hàn tó àwọn etí ìwé yìí.

Ọbabìnrin náà mọ bí wọ́n ti ń kọ irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1790, Alexander Radishchev tẹ ìwé kan jáde lórí ìrìn-àjò láti St. Petersburg sí Moscow, nínú èyí tí ó ti fi ìyà àwọn ẹrú-oko ilẹ̀ Rọ́ṣíà hàn láìfi bò. Radishchev ti ka àwọn òǹkọ̀wé Faransé tí Catherine kà. Ó kàn jẹ́ pé ó gba ohun tí ó kà gbọ́ ni. Catherine ka ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kọ àkíyèsí sílẹ̀ lójú-ìwé dé ojú-ìwé. Àwọn àkíyèsí náà di ohun èlò ẹjọ́. Wọ́n dá Radishchev lẹ́jọ́ ikú, kí wọ́n tó yí i padà sí ìgbèkùn ọdún mẹ́wàá ní Siberia. Ní ọdún 1796, tí í ṣe ọdún ikú rẹ̀, Catherine ti gbogbo ilé ìtẹ̀wé aládàáni tí òun fúnra rẹ̀ ti fàyè gbà ní ọdún 1783.

Ó tọ́ kí a fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un: òun náà ni ó pàṣẹ ní ọdún 1795 pé kí wọ́n dá ilé-ìkàwé fún gbogbo ènìyàn sílẹ̀ ní St. Petersburg, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1814 ni ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ṣí. Síbẹ̀, ẹjọ́ Radishchev ni òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn yàrá ìwé Catherine. Kíkọ sí etí ìwé jẹ́ òmìnira lọ́wọ́ Voltaire. Nígbà tí ọbabìnrin mú kálàmù, ó di ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́.

Ọmọ Ìran Áfíríkà láàrin Ìwé Voltaire

Nicholas Kìíní, ọmọ-ọmọ Catherine, gorí oyè ní oṣù Kejìlá ọdún 1825 láàrin ọ̀tẹ̀ àwọn ọ̀gágun kan tí wọ́n fẹ́ kí òfin dín agbára ọba kù. Lójú ìjọba rẹ̀, ìwé bíi ti Voltaire wà lára ohun tí ó ba àwọn ọ̀dọ́ náà jẹ́. Àkójọ náà ṣì wà ní Hermitage, ṣùgbọ́n wọ́n ti í pa; ẹni tí ó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ọba. Ilé-ìkàwé tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì nítorí kí ìwé má baà sọnù kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti gba ilé-ẹ̀kọ́ kọjá. Èyí tí wọ́n tì nítorí kí ènìyàn má baà kà á ni ó le jù.

Ẹni tí ó gba àṣẹ náà ní ọdún 1832 ni Alexander Pushkin, akéwì tí àwọn ará Rọ́ṣíà kà sí olórí gbogbo akéwì wọn. Iṣẹ́ ìtàn Peter Ńlá ni ó ń ṣe. Ó mọ̀ pé Voltaire ti kọ ìtàn lórí Peter, àti pé àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Rọ́ṣíà fún iṣẹ́ náà ti bá àkójọ Voltaire padà wálé. Benckendorff, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá inú, ni ó kọ lẹ́tà sí, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀nà ìwé gbà nígbà náà. Nicholas tí ó fún un láṣẹ ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ Pushkin wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ láti ọdún 1826. Ẹnì kan náà ni ó ní kọ́kọ́rọ́ ohun tí akéwì náà lè kà, òun náà ni ó sì ní kọ́kọ́rọ́ ohun tí ó lè tẹ̀ jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, Pushkin ya ère Voltaire tí Jean-Antoine Houdon gbẹ́ fún Catherine sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àwòrán kékeré náà ni ẹ̀rí tí ó wà pé ó dé ibẹ̀.

Pushkin yìí, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà nínú rẹ̀. Bàbá àgbà ìyá rẹ̀ ni Abram Gannibal. Wọ́n mú un kúrò ní Áfíríkà ní kékeré, wọ́n gbé e dé Constantinople, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti mú un wá fún Peter Ńlá ní nǹkan bí ọdún 1704. Peter ṣe bàbá ìsàmì fún un. Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ogun ní Faransé, ó sì di ọ̀gágun àgbà kí ó tó kú ní ọdún 1781. Àríyànjiyàn wà lórí ibi tí wọ́n bí i sí. Fún ìgbà pípẹ́, Ethiopia ni àwọn òǹkọ̀wé ń tọ́ka sí. Dieudonné Gnammankou, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Benin, gbé èrò mìíràn kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1996, pé Logone tí ó wà ní Cameroon òde òní ni. Pushkin kò fi ìran rẹ̀ pamọ́. Ní ọdún 1827, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ kan lórí Gannibal, kò sì parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ arap, tí wọ́n fi ń pe àwọn tí ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọba, ni ó wà nínú àkọlé tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Kò yẹ kí a fi ìtàn yìí ṣe ìtàn ìṣẹ́gun. Ọmọ ìdílé ọlọ́lá ni Pushkin nígbà tí ó wọ Hermitage. Gannibal fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó kún fún ẹrú-oko. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni bí ilẹ̀kùn ibẹ̀ ti rí. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lo ìwé náà fún iṣẹ́ gidi láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó súnmọ́ tí ó fi wà láàfin ni ẹni tí ó ní láti bẹ ọlọ́pàá kí ó tó wọlé.

Nicholas kú ní ọdún 1855. Ní ọdún 1861, lábẹ́ Alexander Kejì, wọ́n kó ìwé Voltaire kúrò láàfin lọ sí ilé-ìkàwé tí Catherine dá sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, níbi tí wọ́n wà títí di òní. Ọdún kan náà ni wọ́n tú àwọn ẹrú-oko ilẹ̀ Rọ́ṣíà sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé ọ̀kan ló fa èkejì, kò sì pọn dandan kí ó wà. Ó tó kí a mọ̀ pé iṣẹ́ ìwádìí ńlá lórí etí ìwé Voltaire kò bẹ̀rẹ̀ títí tí ìwé náà fi jáde kúrò nílé ọba.

Igi Walnut ti Nicholas Kejì

Yàrá-ìkàwé tí àwọn àlejò máa ń rántí jù lọ ni ti Nicholas Kejì, ọba tí ó jẹ kẹ́yìn. Alexander Krasovsky ni ó ṣe é láàrin ọdún 1894 sí 1895, ní ìlànà Gothic. Igi walnut ni wọ́n fi ṣe àjà rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ìwé yí ògiri ká. Àtẹ̀gùn sì wà tí ó gbéni dé pẹpẹ òkè tí ìwé mìíràn wà. Awọ tí wọ́n tẹ̀ lóǹtẹ̀, tí wọ́n sì kùn ní wúrà, ni ó bo apá kan ògiri. Ibi ìyáná ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ àwòrán kìnnìún sí lára. Ó lẹ́wà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ààfin náà kàn ń pariwo ọrọ̀ ni. Yàrá yìí nìkan ni ó dà bí ibi tí ènìyàn lè jókòó sí.

Nicholas a sì máa jókòó níbẹ̀. Kò sí òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó pè é ní aláìmọ̀wé. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì, ó sì fẹ́ràn láti máa ka ìwé sókè fún ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní alẹ́. Ẹni tí ó bá ti ṣe olùkọ́ rí mọ̀ pé kò sí ọ̀nà kíkàwé tí ó sàn ju èyí lọ nínú ilé.

Àléébù yàrá náà wà nínú ohun tí ó ń sá fún. Ìlànà Gothic kì í ṣe ti Rọ́ṣíà, kì í sì í ṣe ti ọdún 1895. Ẹ̀wù Yúróòpù ayé àtijọ́ ni, láti ìgbà tí ọba jẹ́ ọba, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í bi í léèrè. Ní oṣù Kìíní ọdún 1895, nígbà tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, Nicholas dúró nínú gbọ̀ngàn kan láàfin kan náà níwájú àwọn aṣojú ìlú àti ti ìgbèríko. Àwọn kan nínú wọn ti ń retí pé kí ó fàyè gba aráàlú láti dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ó pe ìrètí náà ní àlá asán. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ lọ́jọ́ náà àti àwòrán yàrá tí ó ní kí wọ́n ṣe, ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ìdílé ọba kó kúrò níbẹ̀ lọ sí Tsarskoe Selo ní ọdún 1904. Ní oṣù Kìíní ọdún 1905, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ wọ́ tẹ̀ lé àlùfáà Gapon lọ sí Ààfin Ìgbà Òtútù. Ohun tí wọ́n mú dání ni ìwé: ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ sí ọba. Ọba kò sí nílé. Àwọn ọmọ ogun yìnbọn, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú. Ààfin tí ó ti ra ìwé Diderot àti ti Voltaire, tí ó fi igi walnut ṣe ilé fún ìwé, kò rí àyè gba ewé bébà díẹ̀ tí àwọn tí ó ń jọba lé lórí kọ. Ó ṣeni láàánú pé àwọn tí ń ṣàpèjúwe yàrá-ìkàwé náà kì í mẹ́nu ba ìwé yìí, bí ẹni pé kì í ṣe ìwé.

Nínú ìgbèkùn, ní ọdún 1918, oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó pa òun àti ìdílé rẹ̀, ni Nicholas tó ka War and Peace ti Tolstoy fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìwé náà ti wà nílẹ̀ kó tó di ọdún tí wọ́n bá bí i ní 1868 tí ó fi pé ọmọ ọdún méjì, ọ̀kan nínú ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ fi ń yangàn lágbàáyé sì ni. Kì í ṣe yàrá ni kò ní.

Aago tí Ó Dúró

Ní òru ọjọ́ 25 mọ́jú ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1917 nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ ti Rọ́ṣíà, àwọn Bolshevik wọ ààfin náà, wọ́n sì mú àwọn mínísítà ìjọba fìdíhẹ nínú yàrá ìjẹun kékeré tí Krasovsky kan náà ṣe. Wọ́n dá aago orí ibi ìyáná ibẹ̀ dúró sí agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, títí tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi tún un tan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017. Ìtọ́jú yìí dára fún ìtàn. Ṣùgbọ́n ó ṣe kedere ibi tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fi ojú sí. Ìṣẹ́jú tí agbára yí ọwọ́ padà ní àmì tirẹ̀. Ìgbà tí Pushkin wọ àárín ìwé Voltaire kò ní irú rẹ̀. Nínú yàrá-ìkàwé walnut, ère Nicholas tí wọ́n fi tánńganran ṣe wà lórí tábìlì. Yóò ti sàn jù bí wọ́n bá tẹ́ ẹ̀dà ojú-ìwé kan tí ó ní àkíyèsí Voltaire ní etí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà àkíyèsí Catherine lórí ìwé Radishchev àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀bẹ̀ ọdún 1905.

Ní ti ìwé àwọn ọba náà, púpọ̀ nínú wọn kò sí ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ìjọba Soviet tà wọ́n sí òkè òkun láti rí owó ilẹ̀ òkèèrè. Ilé-ìkàwé Ìjọba Amẹ́ríkà tí ó wà ní Washington ra èyí tí ó lé ní 2,000. Àwọn mìíràn lọ sí New York. Àmì ohun-ìní ọba ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 16 lè gba káàdì òǹkàwé ní Washington láìsan kọ́bọ̀, kí ó kọ orúkọ ìwé tí ó ń fẹ́ sílẹ̀, kí ó sì jókòó. Òṣìṣẹ́ yóò gbé e wá fún un lórí tábìlì.